Ọ̀já Tí Kàfáyá Hun

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní àdúgbò Zongo, ìró òfì ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn ahunṣọ ará Ọ̀yọ́ to òfì wọn sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn ilé wa. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í dìde títí oòrùn Niamey yóò fi mú débi pé ajá pàápàá kò ní lè dúró lórí yanrìn. Òwú wọn máa ń gùn láti ìdí òfì dé ara ògiri kejì, a ó sì máa fò ó kọjá bí a bá ń lọ pọn omi. Ní ìpẹ̀kun òwú kọ̀ọ̀kan ni pákó kan wà tí wọ́n gbé òkúta lé, kí òwú lè le dáadáa. Bí ahunṣọ bá ṣe ń hun, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà yóò máa wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwa ọmọdé a máa jókòó lé òkúta yìí kí ó lè wọ́ wa. Wọ́n á lé wa, a ó tún padà.

Bàbá Jùnáídù ni ọ̀gá gbogbo wọn. Àwọn yòókù mọ aṣọ òfì í hun, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń hun ọ̀já àbọ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aláró àti funfun, tí ọkùnrin máa ń dì mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ bí ó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá dì í kì í sọnù. Bí ó bá ṣìnà nínú aṣálẹ̀, tàbí tí àìsàn dá a dúró ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ọ̀já náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á níbàdí síhà ilé, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá di ìyá rẹ̀ láṣọ mú. Gbogbo oníṣòwò Yorùbá tó ń ná ọjà Agadez àti Arlit lápá aṣálẹ̀ ló ní i. Àwọn awakọ̀ Zarma, àwọn onílẹ̀ Niamey, náà ń wá rà á. Bàbá Jùnáídù fúnra rẹ̀ a sì máa gbọ́ gbogbo wọn lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, bí apẹja ṣe ń gbọ́ ẹja lórí okùn ìwọ̀. A lè jókòó ti oúnjẹ, kí ó ṣàdédé dákẹ́, kí ó ní, "Ọmọ Ògúntádé ti kọjú sílé." Kò ní pẹ́ tí ọmọ Ògúntádé yóò fi wọlé, tòun ti eruku lórí.

Ọwọ́ baba ńlá rẹ̀ ni ẹ̀bùn náà ti wá, ọkùnrin ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin. Obìnrin lè ran òwú, ó lè ká a, ó lè rẹ ẹ́ sínú aró. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó sórí òfì. Wọ́n ní bí obìnrin bá jókòó síbẹ̀, òwú á gbàgbé ọ̀nà, gbogbo ẹni tó di ọ̀já mọ́dìí á sì ṣègbé síbi tó bá wà. Bí wọ́n ṣe kó èèwọ̀ yìí wá láti Ọ̀yọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe pa á mọ́ ní Zongo.

Ọmọ méjì ni Bàbá Jùnáídù bí: Àlàmínì, ọkùnrin, àti Kàfáyá, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Èmi Ànísátù, ojúlé kejì sí tiwọn ni wọ́n bí mi sí. Kàfáyá ni ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti ń rìn níhòòhò, Àlàmínì ni mo sì fẹ́ níkẹyìn. Nítorí náà, ohun tí mò ń sọ yìí, ìṣojú mi ni.

Kàfáyá kò jọ àwa yòókù. Bí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ Faransé dé, tí èmi ń yọjú sínú ìkòkò, òun á lọ jókòó ti bàbá rẹ̀, á máa ká òwú, ojú rẹ̀ á sì máa bá ọwọ́ bàbá lọ, á máa bá a bọ̀. Nígbà míràn á gbé òwú sétí.

"Kí lò ń gbọ́?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹnì kan ni. Ó ń bọ̀, ebi sì ń pa á."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Èmi rò pé eré ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, gbogbo ọkùnrin ti lọ sí mọ́sáláṣí, Kàfáyá sì gun orí òfì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó igi ìtẹsẹ̀ dáadáa, ọmọ ìka ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣọ́ni. Ó hun ọ̀já kékeré kan tí kò gùn ju apá lọ, ó gé e, a sì lọ so ó mọ́ ọrùn ewúrẹ́ Zàlìhà, obìnrin Zarma tó bá wa gbé àgbàlá. Zàlìhà ti ta ewúrẹ́ náà fún ọkùnrin kan lódìkejì odò Ọya, ọkùnrin náà sì wá mú un lọ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, kí mọ̀gàríbì tó tó, ewúrẹ́ ti padà dé. Ó gba orí afárá láàárín ọkọ̀ àti ràkúnmí, ó la ọjà kọjá, ó wọ Zongo, ó dúró láàárín àgbàlá, ó ń ké.

Olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀. Bàbá Jùnáídù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú ọ̀já náà lọ́rùn ẹran, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo Kàfáyá. Mo ti ń wá ibi tí mo máa sá gbà. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀já náà sápò, ó gbé kẹ́tùlù, ó lọ ṣe àlùwàlá. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú Àlàmínì lórí òfì, bí ẹni tí ẹnì kan ń lé bọ̀ lẹ́yìn.

Àlàmínì kò fẹ́ òfì. Ìdí ìkòkò aró ìyá rẹ̀ ni ó fẹ́ràn, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí wọ́n á fi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá á pariwo mọ́ ọn pé, "Iṣẹ́ obìnrin nìyẹn! Dìde níbẹ̀!" Àwọn Hausa tó ń gbọ́ ọ á máa rẹ́rìn-ín, torí pé lọ́dọ̀ tiwọn, ní Kano, ọkùnrin ló ń paró. Ìyẹn kò yí bàbá lérò padà.

Ọdún tí ẹgbẹ́ òṣèlú di púpọ̀, tí wọ́n fi àwọ̀ ẹgbẹ́ kun gbogbo ògiri láti Zongo dé Kalley, ni mo máa ń rántí jù. A jó tẹ̀lé ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́. A ti dàgbà, a ń lé tìróò, a rò pé gbogbo nǹkan ló máa yí padà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni owó séfà já wálẹ̀, tí ọjà kú. Àárín ìgbà náà ni Bàbá Jùnáídù jókòó sórí òfì ní òwúrọ̀, tí igi tó fi ń ju òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì lè mú un mọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Ó ṣì ń gbọ́ àwọn èrò ọ̀nà lọ́rùn ọwọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò lè hun nǹkan kan.

Wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ Àlàmínì nígbà náà, a kò tíì so yìgì. Ó ní òun máa kó aṣọ lọ sí Arlit, kí òun sì kọjá síwájú síhà ààlà Algeria, kí òun lè rí nǹkan fi gbé ìyàwó. Ó jókòó sórí òfì bàbá rẹ̀, ó hun ọ̀já tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gé e, ó fi òwú tó kù sílẹ̀ lórí òfì bẹ́ẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ òsì kan ọ̀já náà.

"Ó dára," ó ní.

Lẹ́yìn náà ló tó sọ fún wa pé òun kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ rárá. Ó rò pé bóyá ọwọ́ òsì òun ni kò mọ̀ ọ́n gbọ́. Kò sì mọ bí bàbá ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọkùnrin tó ti di ẹrù rẹ̀ tán láti lọ.

Ìgbà ooru líle, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni Ṣùáíbù dé láti Agadez. Oníṣòwò ni, ọmọ ìlú wa ni. Kò gbà láti jókòó. "Ọkọ̀ ẹrù méjì ló jọ kúrò ní Arlit," ó ní. "Ìjì yanrìn dé bá wọn lọ́nà. Ọkọ̀ kan ti dé ibi tó ń lọ. Èyí tí Àlàmínì wà nínú rẹ̀ kò dé. Àwọn ṣọ́jà wá wọn, wọn kò rí wọn."

Ìyá Àlàmínì ṣubú lulẹ̀. Zàlìhà sáré wá gbá a mọ́ra, ó ń wí pé, "Kala suuru, kala suuru," pé kí ó ní sùúrù. Èmi kò lè ké. Mo kàn ń wo ẹnu Ṣùáíbù. Gbogbo wa wá yíjú sí Bàbá Jùnáídù, òun sì fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó mi orí.

"N kò gbọ́ ọ," ó ní. "Mò ń gbọ́ gbogbo ènìyàn, n kò gbọ́ ọmọ mi."

Kàfáyá ti wà nídìí òfì. Ó ti gbé òwú tí Àlàmínì fi sílẹ̀ sétí, bó ti máa ń ṣe ní kékeré.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n jókòó. Òwú kan náà ni èyí àti èyí tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Òun ló hun èyí tó dì lọ, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí mo bá hun èyí tó kù, ó lè bá a níbẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Zongo ti gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àlájì Bẹ̀llò, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ahunṣọ, kó àwọn yòókù sẹ́yìn wá.

"Jùnáídù, kí ni mò ń gbọ́? Ṣé ọmọbìnrin lo fẹ́ gbé sórí òfì?"

"Ẹ̀gbọ́n, nínú àwọn ọkùnrin tó dúró síbí yìí, ta ló lè hun ún?"

Àlájì Bẹ̀llò rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Wo bí ènìyàn ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà, tó jẹ́ ọ̀já rẹ ló wà ní ìbàdí wọn. Àkànní ọmọ mi wà lára wọn. Bí òwú bá gbàgbé ọ̀nà ńkọ́? Ṣé nítorí ọmọ tìrẹ lo ṣe fẹ́ pa ọmọ wa?"

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Kàfáyá ló kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àlájì. Àkànní wà ní Tahoua. Egbò wà ní ìbàdí rẹ̀, òkè ikùn ló di ọ̀já sí báyìí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀."

Àlájì Bẹ̀llò yíjú sí Bàbá Jùnáídù. Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. N kò sọ fún un."

"Kí ó máa gbọ́," ni Àlájì wí. "Gbígbọ́ kọ́ ni híhun. A ó kó òfì wa kúrò níbí, kí ojú wa má baà rí i."

Wọ́n sì kó o lóòótọ́. Wọ́n wú àwọn òpó, wọ́n ká òwú, wọ́n gbé òkúta wọn lérí. Abẹ́ dóńgóyárò wá ṣófo, ó ku òfì kan ṣoṣo. N kò rí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní àgbàlá wa.

"Kàfáyá," ni bàbá rẹ̀ pè é. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Bàbá."

"Jókòó."

Ó ṣe bísímílà, ó jókòó. Èmi lọ dúró nídìí òkúta. Ó tẹ igi lẹ́sẹ̀, ó ju òwú kọjá, ó gbá a. Òkúta kò mira. Ó tún ṣe é, ó tún ṣe é. Òwú já, mo sáré so ó. Ó tún já níbòmíràn. Òógùn bo ojú rẹ̀. Lójijì ni Bàbá Jùnáídù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì kígbe tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Wọ́n ti lọ! N kò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo wọn ti lọ!"

Mo rò pé èèwọ̀ ti ṣẹ, pé a ti pa gbogbo wọn, ọmọ Àlájì Bẹ̀llò, ọmọ Ògúntádé, gbogbo wọn. Mo wo Kàfáyá. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Bàbá, wọn kò kú. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Wọ́n pọ̀ jù, Bàbá! Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà!"

Mo ṣì ń rí ojú Bàbá Jùnáídù ní àkókò náà. Ó ti gbé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lọ́wọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti bọ́. Ó nu ojú rẹ̀ nù. Ó fa àpótí súnmọ́ òfì, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Má dá wọn lóhùn. Jẹ́ kí wọ́n kọjá, bí ìgbà tí o bá dúró lẹ́nu ọjà. Ẹni tìrẹ nìkan ni kí o máa wá. Má kánjú. Ṣé o rí i?"

"N kò rí i."

"Máa hun."

Oòrùn gun orí. Zàlìhà gbé fúrá wá, kò sẹ́ni tó mu ún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò ìrun àlàásárì nígbà tí Kàfáyá mí kanlẹ̀, tó ní, "Ó wà níbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Ó tutù, Bàbá, ó jìnnà."

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fà á."

Òkúta náà mira. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó wọ́ lórí yanrìn díẹ̀, ó dúró, ó tún wọ́. Mo gbàgbé ara mi, mo kígbe orúkọ Àlàmínì. Kàfáyá hun ún títí di mọ̀gàríbì, ó hun ún ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ tó tẹ̀lé e, títí awọ ìka rẹ̀ fi bó. A fi ìrépé aṣọ wé e, ó sì tún hun. Ìgbà tí òkúta kan orúnkún rẹ̀ ló tó dìde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu Àlàmínì ni mo ti gbọ́ ọ, ìgbà púpọ̀ sì ni. Ọkọ̀ wọn rì sínú yanrìn, wọ́n ń fi ìwọ̀n mu omi tí wọ́n ní títí ó fi tán. Ó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó ń dúró de ikú, nígbà tí nǹkan kan fà á níbàdí. Ó rò pé ejò ni. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ́ ọ jáde sínú oòrùn. Ó dìde, ó sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n tẹ̀lé òun. Wọ́n di aṣọ ara wọn mú, wọ́n tò gbọọrọ bí afọ́jú, ọ̀já ń fà á, òun ń fà wọ́n, títí wọ́n fi dé ojú ọ̀nà tí àwọn ṣọ́jà ti rí wọn. Awakọ̀ wọn nìkan ni kò bá wọn lọ. Ó ní òun kò ní tẹ̀lé ẹni tí oòrùn ti yí lórí. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó, ó ti kú. Àlàmínì kì í lè sọ ibẹ̀ tán.

Ọjọ́ tó dé, ó ti rù, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dojúbolẹ̀ fún Kàfáyá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un láàárín àgbàlá, ìṣojú gbogbo ènìyàn. Kàfáyá bú sẹ́kún, ó ń lù ú léjìká. "Dìde! Ìwọ yìí, dìde! Àwọn ènìyàn ń wò wá!"

Àwọn ahunṣọ kò padà sábẹ́ dóńgóyárò. Àkànní dé láyọ̀ láti Tahoua, síbẹ̀ Àlájì Bẹ̀llò kò bá Kàfáyá sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Bí Kàfáyá bá kí i, á dáhùn bí ẹni tó ń dá ìkíni ẹlòmíràn lóhùn. Àwọn ìyàwó wọn ni wọ́n ń yọ́ wá ra ọ̀já fún ọkọ àti ọmọ. Àlàmínì gba ìdí ìkòkò aró, kò sì sẹ́ni tó tún lé e kúrò níbẹ̀. Ó ń rẹ òwú, àbúrò rẹ̀ ń hun, èmi ń ká a, oyún mi àkọ́kọ́ wà níkùn. Bàbá Jùnáídù á jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á bi í pé, "Àwọn èrò ńkọ́?" Kàfáyá á ka gbogbo wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n wà àti bí ara wọn ṣe rí. Á máa tẹ́tí bí ọmọ tí wọ́n ń pa àlọ́ fún. Mo fẹ́ràn wákàtí yẹn ju gbogbo wákàtí ayé mi lọ. Báyìí ni Bàbá ṣe títí ó fi dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, fóònù dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ wa kò di ọ̀já mọ́, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. A ta ilé Zongo, a kó lọ sí àdúgbò Dar es Salam ní Niamey níbẹ̀. Kàfáyá kò fẹ́ ọkọ. Bí ẹnì kan bá bi í léèrè, á ní ọkùnrin tó wà lọ́wọ́ òun ti pọ̀ tó. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn tó di ọ̀já rẹ̀ dé láti ọ̀nà, ó ní ibi gbogbo ti dákẹ́ nínú òun, òun fẹ́ lọ wo Ọ̀yọ́. Kò dé ibẹ̀ rí láyé rẹ̀. A sìn ín dé ibùdókọ̀, ó gbé òfì rẹ̀ ní títú palẹ̀, ó dì í bí ìdì igi. Àlàmínì ń sunkún, ó ń díbọ́n pé eruku ni.

Ó pè mí lórí fóònù nígbà tó dé ibẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ké ni. Ẹ̀rín ló ń rín, tí kò lè sọ̀rọ̀.

"Ànísátù! Ṣé o ń gbọ́ mi? Mo dé agbo àwọn ahunṣọ. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo ti mọ ohun tí mo máa sọ bí wọ́n bá lé mi. Obìnrin ló kún orí òfì, Ànísátù! Àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú gèlè, òmíràn pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n ń hun, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Mo bi wọ́n pé ṣé kò léèwọ̀ ni. Wọ́n ní èèwọ̀ wo? Wọn kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní kí n sún mọ́bí, kí n jókòó."

"O jókòó?"

Mo ń gbọ́ ìró òfì lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ̀, wọ́n jọ ń dún.

"Mo jókòó," ó ní. "Bàbá ni mo ń rò. Àti Àlájì Bẹ̀llò. A fi ọ̀nà jíjìn sáàárín wa àti ilé, a di ohun tí ilé ti tú sílẹ̀ mú."

Mo ní kí ó gbé fóònù náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, kí ó má pa á. Ó gbé e sílẹ̀. Àlàmínì wá jókòó tì mí lórí ẹní, aró lọ́wọ́, a sì ń gbọ́ ọ títí owó inú fóònù rẹ̀ fi tán.